Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Wo Southwest Conference Ayé Hakeem, Kó Sì Yé Yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nífẹ̀ẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ n bá yín sọ nǹkan kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Gbogbo ìgbà tá a bá ti dárúkọ Hakeem Ọlájuwọ́n, kíá làwọn èèyàn á ti sáré lọ sí 1994 àti 1995, ìgbà tó kó Houston Rockets gba ife NBA lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Ó dáa, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó yìí ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́ta ní Yunifásítì Houston kí NBA tó fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, iwájú gbogbo èèyàn ló sì ti kọ́ ọ, nínú ìdíje kan tó ti kú báyìí tí wọ́n ń pè ní Southwest Conference. Ẹni tí ò bá wo ìgbà yẹn, àárín ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ o. Èèyàn á ṣí fídíò àtijọ́, àwòrán á rí ṣìmìrìn-ṣìmìrìn, bọ́ọ̀lù á máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ jù ú, wọ́n á yọjú wo skọ́ọ̀ ìparí, wọ́n á rí 57 sí 56, wọ́n á ní kí lèyí, ṣé eré ò tíì parí ni, wọ́n á pa á. Eré tí wọ́n pa yẹn, fáínà tọ́námẹ́ǹtì Southwest Conference 1984 ni, Houston pẹ̀lú Arkansas, pọ́ìntì kan ṣoṣo ló là wọ́n níyà, ọ̀kan lára àwọn eré tó le jù tí Hakeem gbá nígbà tó wà ní yunifásítì. Kì í ṣe pé eré yẹn ò dùn. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni kì í ṣe ojú ẹ̀. Torí náà, mo fẹ́ kọ bí mo ṣe ń wò ó sílẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́nfíráǹsì. Àwọn yunifásítì tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà pọ̀ débi pé wọn ò lè wà nínú líìgì kan ṣoṣo, ni wọ́n bá pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà àwọn tó bá jọ wà lágbègbè kan náà ló máa ń wà pọ̀. Southwest Conference, tí wọ́n ń gé kúrú sí SWC, ti wà láti 1914. Nígbà Hakeem, yunifásítì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: Houston, Texas, Texas A&M, Texas Tech, Baylor, Rice, SMU, TCU, àti Arkansas. Ẹ rí i pé mẹ́jọ nínú wọn ló wà ní ìpínlẹ̀ Texas, Arkansas nìkan ló ń ti ìpínlẹ̀ míì wá, ẹ fi èyí sọ́kàn torí tó bá kan Arkansas, ariwo inú fídíò máa ń yàtọ̀.

Tíìmù kọ̀ọ̀kan á bá àwọn mẹ́jọ yòókù gbá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lóde, ìyẹn eré 16. Tí wọ́n bá gbá gbogbo ẹ̀ tán nínú oṣù kẹta, wọ́n á wá kóra jọ fún tọ́námẹ́ǹtì, èyí tó jẹ́ pé tó o bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, o ti lọ sílé nìyẹn. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, sáà yẹn gan-an sì ni Houston bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú Southwest Conference, bẹ́ẹ̀ tọ́námẹ́ǹtì yìí àti Houston jọ wọ inú ilé yẹn pọ̀ ni. Ẹ má ṣàṣìṣe àwọn nǹkan méjèèjì yìí o: ẹni tó bá ṣe kìíní nínú eré 16 yẹn ní oyè tiẹ̀, ẹni tó bá gba tọ́námẹ́ǹtì náà ní tiẹ̀, ó sì lè máà jẹ́ ẹnì kan náà.

Kí wá ni tọ́námẹ́ǹtì ọ̀hún wà fún? Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹni tó bá gbà á, tààrà ló ń lọ sí ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì, ìdíje tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó kù á wá máa dúró de kọmití NCAA tó ń yan tíìmù, bóyá wọ́n á pè wọ́n tàbí wọn ò ní pè wọ́n. Lóde òní ààyè ti pọ̀, ṣùgbọ́n ní 1982 tíìmù 48 péré ló ń wọlé, ní 1983 ó di 52, ní 1984 ó di 53, 1985 ló tó wá di 64. Ó fún pọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń wo eré kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé lọ́wọ́ tíìmù wo ni gbogbo nǹkan ti fẹ́ bọ́ lónìí, tíìmù wo ló sì ti mọ̀ pé wọ́n máa pe òun bó ti wù kó rí. Ojú tí àwọn ọmọkùnrin yẹn fi ń wo ara wọn nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, ẹ máa lóye ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù ni 1982. Houston dé fáínà, Arkansas lù wọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì tààrà bọ́. Ṣùgbọ́n kọmití pè wọ́n síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì gbéra, ó di New Orleans, ó di Final Four, North Carolina tí Michael Jordan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì wà nínú ẹ̀ ló padà dá wọn dúró, 68 sí 63. Ẹni tó pàdánù nínú kọ́nfíráǹsì ara ẹ̀ ló wọ inú mẹ́rin tó kù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ó dáa, ibo lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀? Èmi ò ní í gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ sáré lọ sórí 1984. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1982, kó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ máa wò níbẹ̀, nítorí ọmọ náà ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ẹ rántí pé ọmọ ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Hakeem kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì ní Èkó, ní Muslim Teachers College, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbá tẹ́lẹ̀, gólì ni wọ́n sì máa ń fi í sí, ó tún ń gbá handball. 1980 ló dé Houston, ọdún àkọ́kọ́ yẹn wọn ò jẹ́ kó wọ eré kankan rárá, ó kàn ń kọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn kan nílùú Houston tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí Moses Malone tó jẹ́ ògbóǹtarìgì NBA nígbà yẹn ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọkùnrin yẹn ń fi ara gbún un, ń tì í, kò sì dá a sí. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ò ní máa retí ohun tí kò tíì dé nínú fídíò 1982. Lórí bẹ́ǹṣì ló ti ń wọlé, pọ́ìntì 8.3 ló ń ní nínú eré kan. Ní 1983 ó ti di 13.9, pẹ̀lú ríbáǹdì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó yẹ̀ tó sì gbá mú, 11.4. Ní 1984, pọ́ìntì 16.8, ríbáǹdì 13.5, nínú bọ́ọ̀lù 100 tó bá jù, bíi 67 ló ń wọlé, kò sì sí ẹni tó ń kó ríbáǹdì tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Ọdún mẹ́ta péré nìyẹn o. Mo máa ń wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, mo sì máa ń rí i bí igi tó ń dàgbà lójú mi.

Nípa wíwá fídíò, ohun kan wà tó máa ń dí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́: ẹ má tẹ "Hakeem" nìkan. Nígbà yẹn "Akeem" ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti yọ H kúrò, oṣù kẹta 1991 ló tó ní kí wọ́n dá lẹ́tà náà padà bó ṣe yẹ kó wà. Nítorí náà gbogbo ohun tí wọ́n kọ sórí tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn láti 1981 dé 1984, Akeem ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ "Akeem Olajuwon Houston 1984", ẹ tẹ "SWC tournament 1983", ẹ tẹ orúkọ alátakò náà, "Houston Arkansas 1984", "Houston TCU 1983". Ẹ má fojú di fídíò tí kò pé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọn ò gé sí wẹ́wẹ́ dáa ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kún fún dọ́ńkì, ìyẹn kéèyàn fò kó sì fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù rọ́ inú àwọ̀n, lọ, torí dọ́ńkì ò lè kọ́ yín ní nǹkan kan nípa bí eré ṣe lọ.

Àwọn tó ń gbé fídíò sókè máa ń kọ ọdún tí kì í ṣe ọdún ẹ̀, nítorí náà ẹ máa wo nọ́ńbà ẹ̀yìn. Hakeem ni 34. Nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní tíìmù, Clyde Drexler ni 22. Michael Young ni 43. Drexler lọ sí NBA ní 1983, torí náà tẹ́ ẹ bá ti rí 22 yẹn tó ń fò káàkiri, 1984 kọ́ lẹ̀ ń wò. Tí 34 bá jókòó nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1982.

Ó wá kan òfin eré o, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àkọ́kọ́, aago. Nínú NBA, ìṣẹ́jú àáyá 24 lo ní láti ju bọ́ọ̀lù. Ní yunifásítì, kò sí irú aago bẹ́ẹ̀ nínú òfin gbogbogbò títí di sáà 1985-86, ìgbà tí wọ́n fi ti ìṣẹ́jú àáyá 45 síbẹ̀. Nítorí náà ní 1984, tíìmù tó bá ní bọ́ọ̀lù lè di í mú, kó máa yí i ká, kó máa wá ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe. Tó o bá fẹ́ gbá tíìmù tó lè fò jù ọ́, tó lè sáré jù ọ́, ohun tó dáa jù tó o lè ṣe ni pé kó o dín iye ìgbà tí wọ́n máa rí bọ́ọ̀lù kù. Òun ló fà á tí skọ́ọ̀ fi ń kéré. Nínú NCAA 1984, lẹ́yìn tọ́námẹ́ǹtì yẹn, Houston na Virginia ní 49 sí 47, àfikún àsìkò sì wà nínú ẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá ń wo irú eré yìí, ẹ fi ojú tẹ́ ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wò ó, níbi tí góòlù kan ti tó láti yí gbogbo ọjọ́ padà. Ẹ ó rí i pé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n bá já gbà ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, àyà gbogbo gbọ̀ngàn á là.

Ìkejì, kò sí ìlà pọ́ìntì mẹ́ta. 1986-87 ni wọ́n fi í sínú òfin gbogbo yunifásítì. Èyí ṣe pàtàkì fún Hakeem ju fún ẹnikẹ́ni lọ, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí. Ní yunifásítì, wọ́n gbà kí tíìmù dúró sójú ibì kan kí wọ́n ṣọ́ àgbègbè dípò kí oníkálukú máa tẹ̀ lé ẹni tiẹ̀, NBA ò gba èyí láyè nígbà yẹn. Ẹ wá rò ó wò: tó o bá ní ọkùnrin gíga bíi Hakeem níwájú àwọ̀n ẹ, kí lo máa ṣe? Ìwọ náà á kó èèyàn mẹ́ta tì í, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó o fi sílẹ̀ níta ńkọ́? Kó ju tiẹ̀ láti òkèèrè, pọ́ìntì méjì náà ni, iye kan náà pẹ̀lú dọ́ńkì, ó sì ṣòro jù. Kò sí ìjìyà kankan fún kíkóra jọ sáàárín. Torí náà pọ́ìntì 16.8 tí Hakeem ń ní yẹn, nínú ọjà tó kún fọ́fọ́ ló ti ń rà á. Nígbà tẹ́ ẹ bá rí i tó na ọwọ́ fún bọ́ọ̀lù tí wọn ò sì gbé e fún un, ẹ má bínú sí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ dá fídíò dúró kẹ́ ẹ ka iye ọwọ́ tó wà lójú ọ̀nà. Nínú wọn, Reid Gettys ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ bọ́ọ̀lù gba àárín ọwọ́ yẹn, ẹ máa wo ojú ẹ̀ kó tó gbé e, ibòmíì ló máa ń wò.

Ìkẹta, free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní kéèyàn dúró sórí ìlà jù láìsí ìdíwọ́ nítorí fáòlù alátakò. Tí tíìmù kan bá ti ṣe fáòlù keje nínú ìdajì eré, alátakò á lọ sórí ìlà, àmọ́ kò tíì di méjì lọ́wọ́ ẹ̀: ó ní láti ju àkọ́kọ́ wọlé kó tó rí ìkejì gbà. Tí àkọ́kọ́ bá yẹ̀, ó ti tán, bọ́ọ̀lù ti di ti ẹni tó bá gbá a mú. Ẹ máa ṣọ́ èyí nítorí àìsàn Houston nìyẹn. Àwọn ọmọkùnrin tó lè fò dé òrùlé, wọ́n á dúró sórí ìlà tí ẹnikẹ́ni ò dí wọn lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù ò ní wọlé. Hakeem fúnra ẹ̀, ní 1984, bí ìdajì ohun tó ń jù níbẹ̀ ló ń wọlé. Ní fáínà tọ́námẹ́ǹtì 1983, Houston tó ti gbá gbogbo eré 16 láìpàdánù ẹyọ kan, TCU ló wá dúró dè wọ́n, 62 sí 59 ni wọ́n fi là á já. Tẹ́ ẹ bá rí i bí wọ́n ṣe sún mọ́ ẹsẹ̀ bèbè lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Albuquerque lóṣù kẹrin ọdún yẹn, ní fáínà NCAA, kò ní yà yín lẹ́nu, níbi tí tíìmù yunifásítì NC State ti ń fi fáòlù lé wọn lọ sórí ìlà náà lẹ́yìn-ò-rẹyìn, tí Lorenzo Charles tiwọn sì gbé bọ́ọ̀lù tó kúrú láfẹ́fẹ́ rọ́ inú àwọ̀n nígbà tí aago fẹ́ kú, 54 sí 52. Ó ṣì ń dùn mí. Gbogbo ayé ló ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo tọ́námẹ́ǹtì kọ́nfíráǹsì ti rí àlàfo yẹn tẹ́lẹ̀.

Ti dọ́ńkì náà wà o. Láti 1967 ni wọ́n ti fòfin dè é ní yunifásítì, sáà 1976-77 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí Houston wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e rọ́ lóríṣiríṣi, tí akọ̀ròyìn kan ní ìlú náà sọ wọ́n ní Phi Slama Jama ní 1983 bí ẹni pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ọdún mélòó kan péré ni òmìnira yẹn ti wà. Àwọn àgbà kóòṣì kan ṣì gbà pé ìṣekúṣe ni. Guy Lewis, kóòṣì Houston, ní tiẹ̀ gbà pé bọ́ọ̀lù tó dájú jù láyé nìyẹn, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e rọ́. Ẹ máa wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò ṣòro rí, òun ló máa ń di táwẹ́ẹ̀lì pupa àti funfun mú, tí eré bá le, á fi eyín bù ú.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohun tó wà nínú Hakeem, ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ pé ó nira. Ẹ yan ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ pinnu pé nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yìí, ẹsẹ̀ 34 nìkan lẹ máa wò, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ibòmíì ni bọ́ọ̀lù wà. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé kì í dúró. Ẹ rántí pé gólì ni. Gólì tó mọṣẹ́ kì í dúró lójú ìlà kó máa retí kí wọ́n gbá a wá, ó máa ń gbé ìṣísẹ̀ kékeré kan síwájú láti dín ojú àwọ̀n kù lójú ẹni tó fẹ́ gbá a. Ohun tí Hakeem ń ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí alátakò bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, Hakeem ti gbé ẹsẹ̀ kan sún síbẹ̀ kí ẹni yẹn tó gbèrò àtifò, ẹni yẹn á wò ó, ọkàn ẹ̀ á yí, á gbé bọ́ọ̀lù padà síta. Kò sí ẹni tó máa kọ ìyẹn sínú ìwé ìṣirò eré. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìfò ẹ̀ kejì: àwọn ọkùnrin gíga púpọ̀, tí wọ́n bá ti fò lẹ́ẹ̀kan, ó di kí wọ́n balẹ̀, kí wọ́n kó ara jọ, kí wọ́n tó tún fò. Ti Hakeem, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ṣe ń kan ilẹ̀ ló tún ti wà lókè. Èyí ni gbogbo ríbáǹdì yẹn ti ń wá.

Ẹ má retí àwọn ìjó ẹsẹ̀ tó fi ń tú àwọn sẹ́ńtà NBA, ìyẹn àwọn ọkùnrin gíga tó ń dúró nídìí àwọ̀n bíi tiẹ̀, ká lẹ́yìn náà o. Ní yunifásítì, ìdí àwọ̀n ló ti ń jẹun: dọ́ńkì, bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì jù tí kò wọlé tó sì dá padà, ìyípo kúkúrú kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ máa rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí èjìká á yà sápá kan tí ẹsẹ̀ á lọ sápá kejì, bíi ìgbà tí ọmọdé bá ń dánrawò láti sọ ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ lẹ́nu àgbà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ìṣẹ́jú ẹ̀ sílẹ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ìwé àti bírò. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́ta sí i. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ máa sàmì sí gbogbo bọ́ọ̀lù tí Hakeem fọwọ́ dá dúró. NCAA kò tíì máa ka bulọ́ọ̀kù mọ́ àkọsílẹ̀ tiẹ̀ nígbà yẹn, 1985-86 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Hakeem sì ti lọ. Yunifásítì ẹ̀ ka tiwọn, wọ́n ní 5.6 nínú eré kan ní 1984, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín kà á, ó máa ń wọni lára ju kéèyàn kà á lórí fóònù lọ. Nínú ìlà kejì, ẹ sàmì sí gbogbo ìgbà tí alátakò wá dé ìdí àwọ̀n tó rí 34 tó sì yí padà. Ìlà kejì yìí ló máa ń gùn jù, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí gan-an nìyẹn. Ìlà kẹta, ẹ kọ iye ìgbà tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta kóra jọ sórí ẹ̀, àti ẹni tí bọ́ọ̀lù lọ bá lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí i pé Michael Young ni. Ọ̀pọ̀ ò rántí Young mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ju bọ́ọ̀lù wọlé jù ní Houston ní 1983 àti 1984.

Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn alátakò. Eré ò ní yé yín tẹ́ ẹ bá ń wo Houston nìkan. Arkansas ayé Eddie Sutton kì í ṣe tíìmù ẹgbẹ́ kejì, kóòṣì tó gba ìdáàbòbò gbọ́ ju ohunkóhun lọ ni, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ní sùúrù. Joe Kleine ni sẹ́ńtà wọn, ọkùnrin títóbi tó máa ń fi ẹ̀yìn ti èèyàn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dé ibi tó fẹ́. Alvin Robertson ní ọwọ́ tó yára bíi ti ẹni tó ń mú eṣinṣin láfẹ́fẹ́, nígbà tó dé NBA ó já bọ́ọ̀lù gbà ní 301 nínú sáà kan, kò tíì sẹ́ni tó já tó bẹ́ẹ̀ gbà títí di òní. SMU ní Jon Koncak, òun náà ga bí òpó. Kleine, Robertson àti Koncak, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú tíìmù Amẹ́ríkà tó gba góòlù ní Òlíńpíìkì 1984. Irú àwọn èèyàn tí Hakeem ń bá fà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, inú kọ́nfíráǹsì kan ṣoṣo.

Ní 1984 yẹn, Houston yege nínú eré 15 nínú 16, ẹyọ kan tí wọ́n pàdánù, Arkansas ló gbà á lọ́wọ́ wọn, nílé Arkansas ní Fayetteville, níparí sáà gan-an. Arkansas ní tiwọn yege nínú 14. Torí náà nígbà tí wọ́n tún bá ara wọn pàdé ní fáínà tọ́námẹ́ǹtì, ìgbà kẹta nìyẹn lọ́dún kan, kò sí nǹkan kan tí wọ́n lè fi pa mọ́ fún ara wọn mọ́. Gbogbo àṣírí ti tú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo bí wọ́n ṣe ń rọra gbá a. Inú The Summit ní Houston ni wọ́n ti gbá a, gbọ̀ngàn tí Rockets ń lò nígbà yẹn, ìyẹn ni pé Hakeem ò tíì mọ̀ pé àárín pápá tó dúró sí yẹn lòun máa ti máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lóṣù kẹfà, nígbà tí àwọn tíìmù NBA ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, Rockets yan án ṣáájú gbogbo èèyàn, ṣáájú Jordan. The Summit ọ̀hún ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, Lakewood, láti 2005, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston lè ti wọ ibẹ̀ láìmọ̀ pé orí ilẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ọmọ Èkó ti jó.

Southwest Conference kú ní 1996. Arkansas ti kọ́kọ́ kúrò, àwọn kan gba Big 12 lọ, àwọn yòókù wá ibòmíì. Èyí náà wà lára ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ẹ̀, kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá máa polongo kọ́nfíráǹsì tó ti kú, àwa tá a nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ la máa ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ti wo 1984 tán, ẹ má tíì lọ sórí Rockets. Ohun tó kàn ni ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1984, ní Seattle, fáínà NCAA, Houston àti Georgetown, Hakeem àti Patrick Ewing tó jẹ́ sẹ́ńtà Georgetown. Houston pàdánù, 84 sí 75. Ẹ mú ìwé oníìlà mẹ́ta yẹn dání, ẹ fa òmíràn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún Ewing, kẹ́ ẹ sì wo ìlà kejì, ti àwọn tó dé ìdí àwọ̀n tí wọ́n yí padà. Èmi wò ó pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin ní ọjọ́ Sátidé kan tí iná ò lọ, òun ń kọ ti Ewing, èmi ń kọ ti Hakeem, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ìdajì àkọ́kọ́ ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ jẹ́ n tún ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn wò.